Mo Ní Kí Wọ́n Fọ Gbogbo Fọ́tò Náà

Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, Bísọ́lá, ọmọ aládùúgbò mi níbí ní Mówè, wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ náà ń kàwé ní Ìbògùn, ó sì fẹ́ máa tún fọ́tò àti fídíò ṣe, kó lè fi rí nǹkan jẹ kí ó tó jáde ilé ìwé àti lẹ́yìn náà.

Ó ní, "Màmá Tíṣà, kọ̀ǹpútà wo ni kí n rà? Mẹ́ta ni mo rí. Ẹ kàn bá mi mú ọ̀kan nínú wọn."

"Kí ni wọ́n sọ fún ọ nípa wọn?"

"Wọ́n ní mẹ́mọ́rì èyí tó wà láàárín ló tóbi jù, mà."

Mo bọ́ gíláàsì ojú mi. "Mẹ́mọ́rì wo?"

Ó wò mí bí ẹni pé ọjọ́ ogbó ti ń bá mi jà. "Mẹ́mọ́rì náà ni, Màmá. Ṣé mẹ́mọ́rì méjì ló wà ni?"

"Méjì ló wà, ọmọ mi."

Mo dá gíláàsì náà padà sójú. Mo ní kó máa lọ ná, kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Lẹ́yìn tó lọ tán, mo mú ìwé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, fún òun àti fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ mìíràn tí ẹ ń ro iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò. Ìdáhùn mi gùn, nítorí ó gbà mí ní gbogbo ọjọ́ ayé kí n tó mọ̀ ọ́n. Kò sì dùn ún sọ.

Fọlákẹ́ ni orúkọ mi. Ọmọ Ìkirè ni bàbá mi, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e dé Ifọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Nígbà tí mo ka ìwé Módà tán, ilé ìwé ọlọ́dún mẹ́ta tó tẹ̀ lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láyé ìgbà náà, kò sí agbára láti rán mi síwájú. Ìyá mi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Èmi ní fọ́tò ni mo fẹ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, torí a kò rí ọmọbìnrin kan tó ń ya fọ́tò ní Ifọ̀ nígbà náà. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfútáù, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, wọ́n sì jọ fẹnu kò sí ọdún mẹ́ta. Ìyẹn kò lẹ́jọ́ nínú.

Ọmọ bíbí Ifọ̀ ni Ọ̀gá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Wọ́n ní ọmọ Ìkirè ni ẹ́. Ṣé dòdò lo wá dín fún wa?"

"Rárá, Ọ̀gá. Mo wá kọ́ṣẹ́ ni."

"Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn ike tó wà níbẹ̀ yẹn."

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi fọ ike kí n tó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ike tí a ń da omi oògùn sí ni. Bí mo bá fọ ọ̀kan tán, Ọ̀gá á ki ìka bọ̀ ọ́, á gbé ìka náà símú, á ní kí n padà lọ fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan níbí, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Àwa oníṣẹ́ fọ́tò máa ń sọ pé a fẹ́ fọ fọ́tò. Kì í ṣe pé ìdọ̀tí wà lára rẹ̀ tí a fẹ́ fi omi mú kúrò. A óò wọ inú yàrá òkùnkùn, gílóòbù pupa kan ṣoṣo ni yóò máa tàn. A óò ki bébà funfun kan bọ inú omi oògùn, a óò rọra máa mì ín. Bébà náà á kọ́kọ́ wà bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, irun orí á yọ, ojú á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹnu. Èèyàn odindi á jáde wá láti inú omi, á máa wò ọ́. Ìyẹn ni fífọ̀. Bí oníbàárà bá ní, "Ẹ bá mi fọ fọ́tò mi," ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ mú òun jáde. Ìtumọ̀ yẹn nìkan ni mo fi sọ́kàn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Òfin mẹ́ta ni Ọ̀gá fi lélẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Èkíní, ẹ̀yìn gbogbo fọ́tò gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, pẹ́ńsù sì ni a óò fi kọ ọ́, kì í ṣe báírò, torí báírò máa ń là bébà kọjá sójú. Èkejì, ohunkóhun tí a bá ní gbọ́dọ̀ wà níbi méjì. Fíìmù wà nínú àpótí ní ilé Ọ̀gá, fọ́tò kékeré tí a fọ̀ láti ara fíìmù náà sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kẹta ló máa ń mú kí ẹsẹ̀ wa wú. Bí oníbàárà bá ya fọ́tò tí kò padà wá gbà á, Ọ̀gá á fún ọ̀kan nínú wa ní fọ́tò náà pé kó lọ wá ẹni tó ni ín. Mo ti fi ẹsẹ̀ rìn dé Pápálántò nítorí bàbá kan tó wọ fìlà gọ̀bì.

Ọ̀rẹ́ Ọ̀gá kan bi í léèrè lójú mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Múfútáù, ẹni tí kò wá gba fọ́tò ara rẹ̀, kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

Ọ̀gá ní, "Ojú èèyàn nìyẹn. Kí ló ń wá nínú dúrọ́ọ̀ mi?"

Mo rú òfin èkíní lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fi báírò kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò ìyá arúgbó kan, ó sì là á kọjá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà bí ilà tuntun. Ọ̀gá kò nà mí. Ó ní kí n gbé e lọ fún ìyá náà, kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Mo bẹ Ọ̀gá títí pé kó jẹ́ kí n fọ òmíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Wàá fọ òmíràn. Àmọ́ wàá kọ́kọ́ sọ ọ́." Mo lọ. Ìyá náà tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ilà náà bá òun mu.

Ìyàwó Ọ̀gá ń jẹ́ Sàfúrátù. Òun ló máa ń gbé oúnjẹ wá fún wa, kì í sì í jókòó rárá. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán, nítorí náà kì í gbà kí wọ́n ya òun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá òkùnkùn, abọ́ wà lọ́wọ́ kan, ẹnìkan sì sọ ohun kan tó pa á lẹ́rìn-ín. Bó ṣe gbé ẹ̀yìn ọwọ́ kejì bo ẹnu rẹ̀, ni Ọ̀gá yà á. Gbogbo ojú rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín lókè ọwọ́ náà. Ó bínú sí ọkọ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n gba òmìnira, ibà mú Sàfúrátù, kò sì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọmọ tó fi sílẹ̀, Ràfátù, kò tíì lè rìn dáadáa. Fọ́tò ẹyọ kan tí a ti fọ̀ nínú èyí tí Ọ̀gá yà yẹn, àwọn ẹbí Sàfúrátù gbà á, kò sì padà mọ́. Fíìmù rẹ̀ wà nínú àpótí ní ilé. Mo bi Ọ̀gá bóyá kí n fọ òmíràn. Ó ní kí n fi sílẹ̀ ná, pé ojú òun kò tíì gbà á. "Ná" yẹn di ọdún púpọ̀.

Mo gba òmìnira, mo ya fọ́tò káàkiri Ifọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní Ifọ̀, wọ́n sì gbé mi lọ sí apá Ìbàfò, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ n kò fi kámẹ́rà sílẹ̀. Olùkọ́ ni mí láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ Sátidé mo jẹ́ oníṣẹ́ fọ́tò.

Irinṣẹ́ ń yí padà ní ojú wa. Fọ́tò aláwọ̀ dé, àwọn tó ní ẹ̀rọ ńlá ní Èkó àti Abẹ́òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ti gbogbo wa. Yàrá òkùnkùn Ọ̀gá di ibi tí wọ́n ń kó gaàrí sí. Kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà wá sí ilé ìwé wa, èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ, nítorí àwọn olùkọ́ yòókù ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo ń kọ́ ọ lọ́sàn-án lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a ní iwájú ilé rẹ̀ ní Ifọ̀, orí àga kan náà tó máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ràfátù, tó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ló ń tọ́jú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó nawọ́, ó fọwọ́ wá orí mi kí ó tó kàn án.

"Ọmọ Ìkirè, ojú mi ń ṣú lọ. Dókítà ní kò lè padà."

"Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á..."

"Má ṣàdúrà ná, gbọ́ mi. Fọ́tò kékeré ṣọ́ọ̀bù ti ṣègbé, òrùlé sì jò sórí àpótí fíìmù. Wọ́n ti ń rùn bí ọtí kíkan, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà lè gbà wọ́n sílẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni, Ọ̀gá."

"Bá mi gbà wọ́n sílẹ̀. Sàfúrátù wà níbẹ̀. Kí n tó fọ́jú tán, mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ràfátù pàápàá kò mọ ojú ìyá rẹ̀."

Ohun tí wọ́n fi rán mi nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo lọ ra kọ̀ǹpútà ní Mówè, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta tòkunbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Mo sọ fún un pé fọ́tò pọ̀ lọ́wọ́ mi, pé mo tún fẹ́ ṣe fídíò. Ó gbé ọ̀kan wá síwájú mi.

"Èyí ni tiyín, Màmá. Mẹ́mọ́rì ẹ̀ tóbi gan-an. Ẹ lè kó gbogbo Ifọ̀ àti Ìbàfò sínú ẹ̀, kò ní kún."

Kò parọ́. Èmi tí mo gbọ́ ọ ni kò bi í léèrè mẹ́mọ́rì wo. Láàárín wa, ohun méjì ni à ń pè ní mẹ́mọ́rì. Ọ̀kan ni háàdì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù pamọ́ sí. Ẹ pè é ní yàrá àpótí. Èkejì ni ráàmù, orí tábìlì tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ sí nígbà tó ń ṣe é lọ́wọ́. Ẹni tó ń tún fídíò ṣe nílò tábìlì tó fẹ̀. Yàrá àpótí kọ̀ǹpútà ọkùnrin náà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n tábìlì rẹ̀ kò ju ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Nítorí pé yàrá náà tóbi, mo tún sọ fún ara mi pé n kò nílò háàdì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe rú òfin èkejì nìyẹn, èmi tí mo máa ń fi òfin náà kọ́ ẹlòmíràn.

Òjò ọdún méjì rọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Mò ń ya fíìmù náà níkọ̀ọ̀kan kúrò lára ara wọn, mò ń fi sikánà kó wọn wọ inú kọ̀ǹpútà, mo sì ń kọ orúkọ sí abẹ́ èyí tí Ọ̀gá bá rántí. Àwọn kan ya lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo parí, Ràfátù ní òórùn àpótí náà ń yọ àwọn ọmọ òun lẹ́nu, pé ṣé kí àwọn sun ìyókù. Mo ní kí wọ́n sun ún. Mo ní, "Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà."

Mo rí Sàfúrátù. Kò sí ohun tó ṣe ojú àti ọwọ́ rẹ̀, àmọ́ ilà funfun kan gba àárín iwájú orí rẹ̀ kọjá, omi òjò ló fà á. Mo lè fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn. Ojú Ọ̀gá ṣì ń rí òjìji nǹkan nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó dára. Mo fẹ́ pa ilà náà rẹ́ ná. Mo tún ti ń gba ohùn Ọ̀gá sílẹ̀ lórí fóònù, bó ṣe ń sọ ìtàn ojú kọ̀ọ̀kan, kí n lè fi àwọn fọ́tò náà ṣe fídíò tó ní ohùn rẹ̀. Bí mo bá ti kó ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, mo máa ń pa á rẹ́ lórí fóònù kí àyè lè wà.

Fídíò náà kò tíì dé ìdajì tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Bí mo bá tẹ nǹkan, mo lè lọ bu omi mu kó tó dáhùn. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ràfátù ń pè mí pé Bàbá ń béèrè. Nígbà tó yá, ó pè pé Bàbá kò rí iná gílóòbù mọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Mo tẹ méje nínú àwọn fọ́tò náà lórí ẹ̀rọ kékeré ilé mi, láti mọ bí wọn yóò ṣe rí lórí bébà. N kò tẹ Sàfúrátù, mo fẹ́ kí tirẹ̀ jáde lórí ẹ̀rọ tó dára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ Kúnlé, ọkùnrin ọlọ́wọ̀ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ojú ọ̀nà Ìbàfò. Ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ fọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ni mò ń wò bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Kúnlé, ó ń lọ́ra jù. Bá mi nu eruku inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó o fọ gbogbo fọ́tò inú ẹ̀. Mo ń bọ̀ lọ́sàn-án."

"Kí n fọ gbogbo ẹ̀, mà?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Wọ́n pọ̀ o, Màmá. Ṣé ó dá yín lójú? Ṣé kò sí èyí tí ẹ máa mú níbẹ̀?"

Mo rò pé bébà tí yóò lò ló ń ṣírò. Mo rẹ́rìn-ín sí i bí mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ kíláàsì tó béèrè ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. "Kúnlé, ṣebí Yorùbá ni mo sọ. Fọ gbogbo ẹ̀. Má fi ọ̀kankan sílẹ̀."

"Ó ti yé mi, mà. Ẹ má bínú."

Nígbà tí mo padà dé, inú rẹ̀ dùn. Ó tan kọ̀ǹpútà náà, ó sì tàn lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ wò ó, Màmá, ó ti ń sáré bí ẹṣin. Mo ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní."

"O ṣeun. Àwọn fọ́tò náà ńkọ́?"

"Fọ́tò wo, mà?"

"Èyí tí mo ní kó o fọ̀."

Ó wò mí. Mo wò ó. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń yí padà.

"Màmá, ẹ ní kí n fọ̀ wọ́n. Mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì."

Láàárín àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, fífọ̀ ni kí èèyàn pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kó dà bí ìgbà tó jáde láti ilé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà. Lọ́dọ̀ wa, ó ń mú èèyàn jáde. Lọ́dọ̀ wọn, ó ń lé e lọ.

Kúnlé dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní kó dìde, kò jẹ̀bi. Ó fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wá ohun tó kù. Ó rí bí ọgbọ̀n ojú gbà padà, iwájú orí àti ojú nìkan, ìyókù àwòrán náà jẹ́ àwọ̀ eérú lásán. Sàfúrátù kò sí níbẹ̀. Ohùn Ọ̀gá kò sí níbẹ̀.

Mo lọ sí Ifọ̀ láti lọ sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ yín, ẹ gbà mí gbọ́ pé ohun tí mo torí rẹ̀ lọ nìyẹn. Mo kó fọ́tò méje tí mo ti tẹ̀ nílé sínú àpò ìwé kan, kí Ràfátù lè rí ohun tó ṣẹ́kù. Ọ̀gá jókòó níwájú ilé. Mo kí i, mo jókòó tì í. Àpò ìwé náà dún díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi, ó sì nawọ́.

"Mo gbọ́ ìró bébà. Òun nìyẹn?"

Ọwọ́ rẹ̀ wà lójú afẹ́fẹ́, ó ń dúró. Mo mú èyí tó wà lókè, mo fi í lé e lọ́wọ́.

"Òun ni, Ọ̀gá."

Ó fi àtàǹpàkò tọ etí bébà náà yí ká. Ó gbé e sún mọ́ imú. Ó gbé e lé àyà rẹ̀.

"O kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀?"

N kò kọ ọ́. Ọwọ́ mi kò lè fi pẹ́ńsù kọ orúkọ Sàfúrátù sẹ́yìn ẹni tí kì í ṣe òun. "Mo gbàgbé, Ọ̀gá."

"Ìwọ?" Ó fi ìka pa ẹ̀yìn bébà náà. "Ó dáa, ọmọ Ìkirè. Fi pẹ́ńsù kan sílẹ̀ fún mi."

Mo fún un ní èyí tó wà nínú báàgì mi. Fún bí ọdún kan lẹ́yìn náà, mo ń lọ kí i, kò sì dárúkọ fọ́tò náà mọ́. Bí mo bá fẹ́ máa lọ, ó máa ń bi mí pé, "Kò sí nǹkan mìíràn tó o fẹ́ sọ?" Mo máa ń ní kò sí.

Ọ̀gá jáde láyé lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, Ràfátù pè mí wọ yàrá bàbá rẹ̀. Ó mú fọ́tò náà jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí.

Ó ní, "Àǹtí, Bàbá ní ẹ̀yin ni kí n fún. Ọjọ́ tí ẹ mú un wá gan-an, bí ẹ ṣe jáde tán ni wọ́n bi mí pé kí ni mo rí nínú ẹ̀. Mo ní obìnrin kan jókòó sórí àpótí. Wọ́n ní, 'Jókòó kẹ̀? Sàfúrátù kì í jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi.'"

N kò lè gbé ojú sókè. "Kí ló dé tí wọn kò bi mí?"

"Mo fẹ́ wá bá yín. Wọ́n ní ká fi yín sílẹ̀, ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín."

Mo yí fọ́tò náà sẹ́yìn. Lẹ́tà náà ń gun orí ara wọn, ìlà náà ń wọ́ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn, àmọ́ pẹ́ńsù ni. Ó kọ ọ́ pé: "Ọmọ Ìkirè. Eléyìí kì í ṣe Sàfúrátù. Wá ẹni tó ni ín."

Ràfátù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Èmi ò rí ojú ìyá mi rí, Àǹtí. Ẹ̀yin rí i. Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi."

Mo sọ fún un. Mo sọ nípa eyín tó kán, nípa abọ́, nípa ẹ̀yìn ọwọ́. Mo gbìyànjú láti gbé ọwọ́ ara mi sí ẹnu bó ṣe gbé e. Ràfátù wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò yé mi, mà," ó sì bú sẹ́kún.

Bísọ́lá, bó o bá dé lọ́jọ́ Sátidé, ohun tí n ó sọ fún ọ nìyí. Béèrè ráàmù lọ́tọ̀, béèrè háàdì lọ́tọ̀. Fún fídíò, má gba ráàmù tó kéré sí gíìgì mẹ́rìndínlógún. Jẹ́ kí háàdì rẹ̀ jẹ́ irú tuntun tí kò ní ohun tó ń yí nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní SSD, kí káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sì wà lọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà. Gbé fọ́tò tí a ti tẹ̀ sórí bébà lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà náà, kó o wò ó bóyá àwọ̀ ara èèyàn rí bákan náà níbẹ̀. Ra háàdì kejì lọ́jọ́ kan náà, kí ó sì máa gbé ní ilé mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ, má lo ọ̀rọ̀ kan tí ìwọ àti òun kò jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bó bá bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, dá a lóhùn bí ẹni tí kò mọ̀.

Ní tèmi, iṣẹ́ kan ló kù. Mo ti ń lọ sí Ifọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú fọ́tò náà. Mo ti gba gbogbo àdúgbò tó sún mọ́ ojú irin kọjá, mo ti dé Pápálántò lẹ́ẹ̀kan sí i, mọ́tò ni mo wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin náà kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n yà á. Ó wọ àdìrẹ, ó jókòó sórí àpótí pákó níwájú aṣọ tí wọ́n ya òdòdó sí. Aago ṣọ́ọ̀bù wa, tí a máa ń yá oníbàárà, wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ó di bàtà ọmọdé mú lórí itan, ẹyọ kan péré, kò sì sí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó gbé Ifọ̀ nígbà kan, ẹ bá mi bi í nípa bàtà náà. Fọ́tò náà ti wà níbi méjì báyìí. Mo fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ ohun tí Ọ̀gá kọ, mo sì ti gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù.